"Òrìṣà bí ìyá kò sí" lẹ́yìn ọkọ̀: ta ló jàre, awakọ̀ àbí ọlọ́kọ̀?

AtiisiMokola (Ìbàdàn)

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ ọ̀dà ni mo ń ṣe ní Mókọ́lá níbí. Èmi ni mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ akérò, siwájú ṣọ́ọ̀bù, sára ògiri ilé ìwé. Stíkà ti fẹ́ gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ wa, àmọ́ àwọn awakọ̀ tó mọyì iṣẹ́ ọwọ́ ṣì ń wá. Ọ̀rọ̀ kan ló délẹ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí.

Awakọ̀ kan gbé kórópe wá. Ìyá rẹ̀ ṣaláìsí láìpẹ́ yìí, ó ní kí n bá òun kọ ÒRÌṢÀ BÍ ÌYÁ KÒ SÍ sẹ́yìn ọkọ̀, kí n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́, kí n fi funfun yí i ká. Mo kọ ọ́. Ó dùn ún wò, ẹ má bi mí, mo mọ iṣẹ́ mi. Àmọ́ kì í ṣe òun ló lọkọ̀. Alhaji kan ló ni ín, òun kàn ń wà á ni, ó ń kówó wálé fún un lálaalẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ máa mọ́, Alhaji fúnra rẹ̀ ti dé, àtòun àtawakọ̀. Kò bínú sí mi o, ó tiẹ̀ yin lẹ́tà mi. Ó kàn ní kí n pa á rẹ́ ni, pé òun ò lè máa fi ọkọ̀ òun polówó òrìṣà káàkiri Ìbàdàn. Ó ní ẹnì kan rí ọkọ̀ náà níwájú mọ́ṣáláṣí, ó wá ń bi òun bóyá òun ti padà sídìí ohun tí bàbá òun àgbà ń bọ.

Awakọ̀ ní ìyá òun lòun ń sọ, òun ò sọ̀rọ̀ òrìṣà. Alhaji ní kó tún un kà, kó wo èwo ló kọ́kọ́ dárúkọ níbẹ̀. Wọ́n ń fà á síwá, wọ́n ń fà á sẹ́yìn. Kọ̀ńdọ́ wọn, ọmọ kékeré kan báyìí, wá dá a lábàá pé ṣebí ó rọrùn, kí n pa "òrìṣà" nìkan rẹ́, kí n kọ "Ọlọ́run" dípò ẹ̀. Ọlọ́run bí ìyá kò sí! Gbogbo wa la pariwo mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà. Alhaji ní "Astaghfirullah", awakọ̀ tó jẹ́ ọmọ Kérúbù ní "Ẹ̀jẹ̀ Jésù", ìyá alákàrà tó wà lódìkejì títì gan-an dìde dúró.

Ohun tó kó mi sí ìrònú nìyẹn. Bí "òrìṣà" bá burú tó bí Alhaji ṣe sọ, kí ló dé tó jẹ́ òun ló bá ìyá mu nínú ọ̀rọ̀ náà, tí "Ọlọ́run" wá di èébú? Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu Mùsùlùmí, lẹ́nu ọmọ ìjọ, kò sẹ́ni tó ń fọ ẹnu lẹ́yìn tó bá sọ ọ́ tán. Kí ni òrìṣà lẹ́nu wa nígbà tí kò sí ojúbọ níbẹ̀, tí a ò pa adìyẹ, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ la kàn ń sọ?

Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lẹ́yìn ọkọ̀ o. Mo ní kí Alhaji fún mi láàyè díẹ̀ kí n ronú ohun tí mo máa fi rọ́pò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n kọ "Ìyá ni wúrà". Mo ti kọ ọ́ títí ó ti sú mi.

OmoAlfaIlorin

Ẹ̀gbọ́n átíìsì, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yìn Alhaji ni mo wà.

Kì í ṣe pé mi ò mọ ohun tí awakọ̀ ní lọ́kàn. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹni bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé ìyá ló ń yìn. Àmọ́ ẹnu àti ìwé ò jọ ara wọn. Ẹni tó wà lẹ́yìn kórópe yẹn nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kò ní jókòó túmọ̀ òwe. Ohun tó máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lójú ni ÒRÌṢÀ, gàdàgbà, pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Bí bọ́ọ̀sì mìíràn bá sì duro bo ìdajì mọ́lẹ̀, ÒRÌṢÀ nìkan ló máa kù tí wọ́n máa rí. Alhaji ló ń gbé orúkọ ọkọ̀ yẹn, òun náà ló sì ń kírun láàárín àwọn èèyàn.

Kí n má purọ́ ṣá, nílé tiwa, ilé kéwú, ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu wa dáadáa. Bí àwa ọmọ bá ń sáré káàkiri tí a ń da omi ìdálùúwàlá nù, bàbá wa á dá ọwọ́ kéwú dúró, wọ́n á ní: "Ṣé òòṣà ló gùn yín ni?" Àǹtí mi kan tó fẹ́ràn ọkọ ẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n ní ó gbé ọkọ ẹ̀ gẹ̀gẹ̀ bí òòṣà. Kò sẹ́ni tó pè é ní ṣìríkì, ìyẹn fífi nǹkan míì ṣe akẹgbẹ́ Ọlọ́run. Àmọ́ bí ẹ bá ní kí bàbá wa kọ ọ́ sára ilé, ẹ máa rí ìjà.

Ẹ kọ ÀLÙJÁŃNÀ WÀ LÁBẸ́ ẸSẸ̀ ÌYÁ. Ó gùn díẹ̀, àmọ́ ẹ lè fún un pọ̀.

AdunniEjigbo (Àbíjàn)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì pa á rẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi ná.

Ọmọ Èjìgbò ni mí. Àbíjàn ni mo ti ń tajà, bí ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú wa. Ilé òòṣà ni wọ́n bí ìyá mi sí, ìyá tó bí wọn sì jẹ́ ìyá òòṣà títí wọ́n fi wàjà. Ọwọ́ wọn ni mo dàgbà sí. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ báyìí, mi ò fi pamọ́, àmọ́ nǹkan tí mo fi ojú mi rí, mi ò lè jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀mí àìmọ́.

Nílùú wa, bí ẹ bá gbọ́ "òòṣà" lásán, tí orúkọ kankan ò tẹ̀lé e, Ògìyán ni. Òun náà ni ọba wa fi ń jẹ́ Ògìyán. Ẹ dé Ifọ́n, Olúfọ́n ni wọ́n ń sọ. Ẹ dé Ifẹ̀, Ọbàtálá ni. Òrìṣà funfun ni gbogbo wọn, aláṣọ àlà. Ṣàngó, Ọya àti Ògún náà, òrìṣà ni wọ́n, kò sẹ́ni tó ní wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìyá àgbà kì í sọ pé "mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ òòṣà" kó jẹ́ pé ìdí Ògún ni wọ́n lọ. Ògún ní orúkọ tirẹ̀, orúkọ yẹn ni wọ́n á pè. Bí iṣu tuntun bá dé tí a ń ṣọdún Ògìyán, iyán ni oúnjẹ, ìlú á pín sí ọ̀nà méjì, àwọn ọkùnrin á máa fi àtòrì na ara wọn. Àwọn ọmọ wa tó wà níbí máa ń wọkọ̀ láti Àbíjàn lọ jẹ ẹgba yẹn. Ẹ ò rí i pé wọ́n ya wèrè? Wọ́n á padà wá, wọ́n á máa ká ẹ̀wù sókè fún wa, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ ọdún kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ohun tí ìyá àgbà ń ṣe lójoojúmọ́ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti gbé ìkòkò, wọ́n á lọ pọn omi òòṣà. Omi tó bá sùn mọ́jú kò wúlò fún un, tuntun ni. Bí ẹ bá pàdé wọn lọ́nà odò, ẹ ò gbọdọ̀ kí wọn, wọn ò sì ní dá yín lóhùn. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ tí wọ́n ń rán níṣẹ́, mo máa ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, n ó di ẹnu mi pa, ó sì nira fún mi gan-an ni torí mo lẹ́jọ́ wẹ́wẹ́. Wọ́n á dé, wọ́n á da ti àná nù, wọ́n á bu tuntun sí i. Wọ́n á fọ aṣọ funfun rẹ̀, wọ́n á sá a. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ ọ̀sẹ̀, wọ́n á se ìgbín. Òrí ni wọ́n fi ń sè é, kò sí epo pupa níbẹ̀, kò síyọ̀. Àwa ọmọdé kì í fẹ́ jẹ ẹ́, ó máa ń tẹ́ lẹ́nu. Ẹmu ò gbọdọ̀ wọlé yẹn rárá, kódà àlejò tó bá mu ún wá, ìta ló máa jókòó sí. Tí wọ́n bá ṣe gbogbo ìyẹn tán, wọ́n á wá jókòó tì í, wọ́n á máa bá a sọ̀rọ̀, wọ́n á sọ ti ọmọ tó wà lẹ́yìn odi, ti owó tí ẹnì kan jẹ wọ́n ní ọjà, ti orúnkún tó ń dùn wọ́n.

Ẹ wò ó bí. Ẹni tí à ń bu omi fún, tí à ń fọ aṣọ rẹ̀, tí à ń se oúnjẹ tó bá a lára mu fún, tí à ń bá sọ̀rọ̀, tí òun náà sì ń gbè wá, ìyẹn ni òòṣà lójú ìyá àgbà. Kò sẹ́ni tó ń pọn omi fún Ọlọ́run. Kò sẹ́ni tó ń fọ aṣọ rẹ̀. Ọlọ́run kò ní ojúbọ, kò ní èèwọ̀ oúnjẹ, kò sì ní ẹlẹgbẹ́. Òòṣà ló pọ̀, a lè fi ọ̀kan wé èkejì, ẹnì kan lè ní tèmi gbè mí ju tìrẹ lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ kọ̀ńdọ́ fi dún bí èébú létí gbogbo yín. Ó mú ẹni tí kò ní ẹgbẹ́, ó fi wé ìyá. "Òrìṣà bí ìyá" ní tirẹ̀, ó tọ́. Ta ló bu omi fún wa, ta ló fọ aṣọ wa, ta ló mọ oúnjẹ tí kò bá wa lára mu? Nígbà tí ìyá bá wá darúgbó, àwa náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi tirẹ̀.

Ohun kejì ni pé àwọn tó ń bọ òòṣà kì í gbọ̀n fún un bí àwọn oníwàásù ṣe máa ń sọ. Ìyá àgbà máa ń bá a jà! Ọdún kan tí ọmọ wọn kan ṣàìsàn tó pẹ́, mo gbọ́ wọn pẹ̀lú etí mi: "Òrìṣà, bí o kò lè gbè mí, ṣe mí bí o ṣe bá mi." Òwe ni gbogbo yín mọ̀ ọ́n sí. Èmi gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n ń fi omijé sọ ọ́ sójú ẹni tó ni ín. Lóde òní mo ń sọ ọ́ fún télọ̀. Mo gbé léèsì fún ọ̀kan níbí, mo ní kó bá mi dín apá kù díẹ̀, ó wá gé e débi pé n kò lè gbọ́wọ́ sókè mọ́. Mo dúró níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, mo ní "Òòṣà, bí o ò le gbè mí." Ọmọ Èjìgbò lòun náà, ó dọ̀bálẹ̀. Àwọn àgbà wa sì tún máa ń sọ pé ènìyàn kò sí, òòṣà kò sí. Bí kò bá sí ẹni tó máa bu omi sí i mọ́, ó parí nìyẹn.

Ère náà ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé igi la ń bọ, ikán jẹ ère kan nílé wa. Ìyá àgbà ní kí wọ́n gbé e lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n wá ránṣẹ́ sí agbẹ́gilére pé kó gbẹ́ òmíràn, wọ́n dúnàá dúrà lórí owó rẹ̀ dáadáa. Kò sẹ́ni tó sunkún pé òòṣà kú.

Ó tún ku ọ̀kan. Ọmọ kan wà ládùúgbò wa tó jẹ́ àfín. Àwa ọmọdé máa ń pariwo mọ́ ọn. Ọjọ́ tí ìyá àgbà gbọ́ ọ, wọ́n fi igi lé wa dé ojúde. Wọ́n ní ẹni òòṣà ni, pé àfín, abuké àti arọ, ẹni òòṣà ni gbogbo wọn, torí ẹni tó mọ wá ló mọ wọ́n, ẹni bá fi wọ́n ṣẹ̀sín, iṣẹ́ ọwọ́ òòṣà ló ń fi ṣẹ̀sín. Bí wọ́n bá sì rí aláboyún, bí wọ́n ṣe ń kí i ni: "Kí òòṣà ya ọnà ire kò wá o." Ọnà tí wọ́n ń sọ, ti oníṣẹ́ ọnà ni, bíi tiyín náà, ẹ̀gbọ́n. Aláboyún tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì á ṣe àmín, èyí tó lọ sí mọ́ṣáláṣí náà á ṣe àmín.

Àwa tí a ti ilé òòṣà wá gan-an ló yẹ ká bínú sí awakọ̀ yín, nítorí ó ní òòṣà wa ò tó ìyá òun. A ò bínú. Ẹnu ìyá àgbà ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, "òòṣà bí ìyá ò sí", wọ́n ń sọ ti ìyá tiwọn, àlà sì wà lọ́rùn wọn nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́.

AtiisiMokola

Àǹtí Èjìgbò, mo kà á títí débi tí ọ̀dà fi gbẹ lórí búrọ́ọ̀ṣì mi. Ẹ ṣeun. Ti télọ̀ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n tún bèèrè kan. Ìyàwó mi ló ní kí n bi yín. "Òòṣà jẹ́ n pé méjì, obìnrin ò dénú." Ta ni òòṣà tí wọ́n ń bẹ̀ níbẹ̀, ṣé Ọbàtálá náà ni? Ó ní òun ò fẹ́ kí n rò pé òun ń fi nǹkan kan pa mí lówe o, àmọ́ mo mọ ohun tó ń ṣe.

TisaFeyinti (Ọ̀yọ́)

Ẹ sọ fún ìyàwó yín pé òòṣà yòówù tó bá wà nílé ni. Obìnrin tó ń bẹ òòṣà pé kí ọkọ òun fẹ́ ẹnì kejì, ẹnu lásán ló fi ń bẹ̀ ẹ́, inú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Wọ́n mú òòṣà wọ òwe yẹn torí pé nígbà náà, iwájú rẹ̀ ni obìnrin ti máa ń sọ ohun tó bá fẹ́ fún ilé rẹ̀.

Iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n gbè Alhaji díẹ̀, torí ohun tó ń gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n kọ́ ọ ni, àwọn tó kọ́ ọ sì tún pọ̀ ju ilé kéwú lọ. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ Bíbélì di Yorùbá, iṣẹ́ tó parí ní 1884, wọ́n nílò orúkọ tí wọ́n máa pe ohun tí àwọn ará Ísírẹ́lì ń foríbalẹ̀ fún. Níbòmíràn wọ́n kọ "ère", èyí tó tọ̀nà lójú tèmi. Níbòmíràn wọ́n kọ "òrìṣà". Ẹ ṣí ìparí Ìwé Jòhánù Kìn-ín-ní, ẹ máa rí i níbẹ̀ pé kí àwọn ọmọ pa ara wọn mọ́ kúrò nínú òrìṣà. Ìbọ̀rìṣà wá di orúkọ ẹ̀ṣẹ̀. Ọmọ ilé ìwé tó ń há ẹsẹ Bíbélì yẹn sórí kò mọ̀ pé ìyá àgbà ẹnì kan ní Èjìgbò ló ń dá lẹ́jọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n lé jáde ní ẹnu ọ̀nà iwájú kò tíì kúrò nílé. Ẹ wo "ọ̀sẹ̀". Ọjọ́ tí oníkálukú ń lọ sídìí òrìṣà rẹ̀ ni ọjọ́ ọ̀sẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n fi ń yí po: ti Òòṣà, ti Ifá, ti Ògún, ti Ṣàngó. Lónìí, ọjọ́ méje la fi ń ka ọ̀sẹ̀, ìjọ sì ń ṣe Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ ṣáájú Àjíǹde.

Ẹ wá wo orúkọ. Òṣàṣọnà, ṣé ẹ rí i pé ọnà tí ìyá Èjìgbò fi ń kí aláboyún ló wà níbẹ̀? Òṣágbèmí náà ńkọ́? Àwọn kan ti pààrọ̀ tiwọn, Fágbèmí di Olúgbèmí, Ògúnsànyà di Olúsànyà, mi ò bá wọn jà, orúkọ wọn ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú awọ tó bò ó lára, bó bá jẹ́ ọkùnrin, Sàlàkọ́, bó bá jẹ́ obìnrin, Tàlàbí. Àlà Ọbàtálá ni wọ́n ní ó wọ̀ wáyé. Tàlàbí ti wá di orúkọ ìdílé báyìí, Alhaji tó ń jẹ́ ẹ pọ̀ gan-an. Èmi kọ́ àwọn ọmọ Tàlàbí tí wọ́n ń wọ híjáàbù wá sí kíláàsì mi, n kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n pa á rẹ́.

Àwọn Ìṣẹkírì tó wà ní apá Wàrrí, tí èdè wọn bá tiwa tan, Oritse ni wọ́n ń pe Ọlọ́run Olódùmarè fúnra rẹ̀. Pásítọ̀ wọn ń fi gbàdúrà lórí pẹpẹ. Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan fi ń pe Olódùmarè ni ẹlòmíràn ń pè ní ẹ̀ṣẹ̀ ní Mókọ́lá, ìrìn wákàtí díẹ̀ ló sì wà láàárín wọn.

OmoAlfaIlorin

Tísà, ẹ kú àlàyé. Mo gba ti Tàlàbí, ẹ̀gbọ́n ìyá mi wà níbẹ̀. Àmọ́ orúkọ, wọ́n fi bí èèyàn ni. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀, èèyàn ló yàn án. Mi ò tíì kúrò lẹ́yìn Alhaji.

Mo kàn fẹ́ sọ fún Àǹtí Èjìgbò pé ohun tẹ́ ẹ sọ nípa Ọlọ́run, pé kò ní ẹlẹgbẹ́, ẹ̀sìn wa gan-an lẹ sọ yẹn. Ẹ fi ẹnu ìyá òòṣà ṣàlàyé táwíìdì, pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ni, fún mi.

AdunniEjigbo

Ẹ ṣé o, àbúrò. Ìyá àgbà á rẹ́rìn-ín gan-an.

OmoYorubaSalvador (Bahia)

Ẹ jẹ́ kí èmi tó wà ní Brazil náà dá sí i. Mo rí i pé Èjìgbò ń sọ̀rọ̀, inú mi sì dùn, torí òrìṣà yín wà níbí. Oxaguiã ni wọ́n ń pè é nínú candomblé, ìyẹn ẹ̀sìn òrìṣà tibí. Ọ̀dọ́mọkùnrin jagunjagun, iyán àti odó ni nǹkan rẹ̀. Olúfọ́n náà wà, Oxalufã, òun ni bàbá àgbà tó ń tẹ ọ̀pá. Àwọn méjèèjì ni wọ́n kó pọ̀ sábẹ́ Oxalá, ìyẹn Òrìṣà-ńlá wa. Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ wá wo ìgboro Salvador, èèyàn máa ń wọ funfun torí rẹ̀, àtẹni tó ń ṣe candomblé àtẹni tí kò ṣe é. Ẹ bi òmíràn pé kí ló dé, á ní bí ìyá òun ṣe ń ṣe nìyẹn.

Lójú tèmi, àwọn ará ibí máa ń sọ ọ̀rọ̀ náà fàlàlà ju wa lọ. Ẹni tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé nídìí ọtí lè bi yín pé òrìṣà wo ló ni orí yín, bí ẹni ń bèèrè ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tẹ́ ẹ̀ ń ṣe alátìlẹ́yìn fún. Bí obìnrin kan bá gbóná, wọ́n á ní ọmọ Iansã ni, ìyẹn Ọya, kò sẹ́ni tó ń bínú. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, "santo" ni wọ́n ń pè é, ẹni mímọ́, torí ìgbà kan wà tí wọ́n ní láti fi òrìṣà pamọ́ sẹ́yìn àwọn ẹni mímọ́ Kátólíìkì. Kúbà náà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pe ẹ̀sìn náà ní Kúbà: Regla de Ocha. Ocha yẹn, "òòṣà" wa ni. Ẹnu àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé e débẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pè é nílé gan-an.

Ọmọ Alfa, ẹ gbọ́ èyí, tiyín ni. Nínú èdè Potogí, bí èèyàn bá ní "oxalá" nínú ọ̀rọ̀ lásán, "kó rí bẹ́ẹ̀ o" ló ń sọ. Ọwọ́ àwọn Lárúbáwá tó jọba lórí ilẹ̀ wọn láyé àtijọ́ ni wọ́n ti rí i, ó wá láti inú orúkọ Allah bíi "in shaa Allah" tiyín. Kò bá Òrìṣà-ńlá tan rárá, ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Nítorí náà ní Bahia, ìyá kan lè dúró sí ojú kan náà, kó sọ Oxalá lẹ́ẹ̀kan kó jẹ́ ti Lárúbáwá, kó tún un sọ kó jẹ́ ti Ifọ́n.

OmoAlfaIlorin

Subhanallah! Èyí dùn mọ́ mi. Mo máa sọ ọ́ fún bàbá wa.

AtiisiMokola

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Ẹ jẹ́ kí n jábọ̀.

Mo pe awakọ̀, mo ka ọ̀rọ̀ Àǹtí Èjìgbò sí i létí láti orí fóònù. Ó dákẹ́, ó wá ní òun mọ̀ pé òun ò ṣìwí. Mo ka ti Tísà fún Alhaji. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní ó dáa, òun ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, àmọ́ ọkọ̀ òun lọkọ̀ òun. Ó ní kí awakọ̀ gbé e sẹ́nu bó bá ṣe wù ú, kó ṣáà má kọ ọ́ sára táyà mẹ́rin òun.

Ibi tí a wá fẹnu kò sí ni pé kí n kọ oríkì ìyá náà. ÀJÍKẸ́ Ọ̀KÍN, ibi tí ÒRÌṢÀ wà tẹ́lẹ̀ ni mo máa fi sí. Alhaji gbà á, ó ní kò sí ẹni tó lè fi Àjíkẹ́ mú òun. Awakọ̀ náà gbà á, ó tiẹ̀ sunkún díẹ̀. Mo ti fi epo bẹntiróòlù nu ti tẹ́lẹ̀ kúrò, ó ṣì hàn fírífírí lábẹ́, màá fi ọ̀dà ara ọkọ̀ bò ó.

Èyí tó kù tó ń jà ràn-ìn ni owó. Ta ló máa san owó ìkọ̀wé kejì, ọlọ́kọ̀ tó ní kí n pa á rẹ́ ni àbí awakọ̀ tó kọ́kọ́ ní kí n kọ ọ́?

OmoAlfaIlorin

Awakọ̀. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹni tó lọkọ̀.

AdunniEjigbo

Ọlọ́kọ̀. Òun ni kò gbọ́ Yorùbá.